Pátákó Lẹ́tà Tí Ìmọ́tótó Gbé Kọ́

Bí ẹnikẹ́ni bá sọ fún yín pé ìfẹ́ kì í pa ènìyàn lára, ẹ ní kó wá wo Ìmọ́tótó. Ìmọ́tótó kọ́ ni orúkọ tí àwọn òbí rẹ̀ sọ ọ́ o. Àwọn òṣìṣẹ́ ilé ìdánwò àwọn awakọ̀ ló fún un lórúkọ náà, torí òun ló ń gbálẹ̀ ibẹ̀, òun ló ń nu fèrèsé, ó sì máa ń bá ọ̀gá pátápátá jà bó bá fi bàtà ẹlẹ́rẹ̀ tẹ ilẹ̀ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ nù. Ọmọ ọdún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n ni. Ẹnu rẹ̀ mú, ọkàn rẹ̀ rọ̀, ohun méjèèjì sì ló kó o sí wàhálà.

Ilẹ̀ tutù ló fa ìpàdé òun àti ọkùnrin tó wá fẹ́ràn. Ó ń nu ẹnu ọ̀nà láàárọ̀ ọjọ́ kan nígbà tí ọkùnrin gíga kan wọlé wẹ́rẹ́, tó fẹsẹ̀ méjèèjì tẹ ibi tó ń dán.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ ò rí i pé ilẹ̀ tutù ni?"

"Mi ò rí i," ni ọkùnrin náà wí, ó sì rẹ́rìn-ín. "Ẹ má bínú, àǹtí. Ẹ jẹ́ kí n padà sẹ́yìn."

"Kí ẹ padà, kí ẹ tún wá tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀kejì? Ẹ dúró síbẹ̀!"

Ó dúró lóòótọ́. Ó bọ́ bàtà, ó fi í há abíyá, ó sì dúró ṣánṣán síbẹ̀ títí ilẹ̀ fi gbẹ. Gbogbo ẹni tó ń kọjá ń wò ó, kò bìkítà. Fọ́ọ̀mù ló wá gbà, àmọ́ nígbà tó gbà á tán kò lọ mọ́, ó ń bèèrè irú ọṣẹ tí Ìmọ́tótó fi ń nulẹ̀, bíi pé òun náà fẹ́ bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ọ̀hún. Kí ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e tó parí, ó ti wá gba fọ́ọ̀mù kan náà lẹ́ẹ̀mẹ́ta.

Jẹ́jẹ́ ni wọ́n ń pè é. Bọ́ọ̀sì kékeré tó ń kó àwọn òṣìṣẹ́ ilé iṣẹ́ bíríkì lọ síbi iṣẹ́ ló ń wà, kì í sì í sáré. Àwọn èrò ọkọ̀ a máa pariwo lé e lórí pé, "Ẹ wò ó, àwọn tó ń fẹsẹ̀ rìn ti kọjá wa!" Òun a kàn rẹ́rìn-ín. Ohun tí Ìmọ́tótó fẹ́ràn jù lára rẹ̀ nìyẹn. Ó ti rí ọ̀pọ̀ awakọ̀ nílé ìdánwò, àwọn tó ń fi kọ́kọ́rọ́ ọkọ̀ ṣeré lórí ìka, tí wọn ò lè dúró lórí ìlà láìta ẹnì kan nù. Ó rò pé ẹni tó ń wakọ̀ pẹ̀lẹ́ báyìí, pẹ̀lẹ́ náà ni yóò máa bá aya rẹ̀ gbé.

Bàbá Ìmọ́tótó náà rò bẹ́ẹ̀. Awakọ̀ ni bàbá yìí kó tó fẹ̀yìn tì. Ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n ló fi wa bọ́ọ̀sì ńlá láìfi ọkọ̀ gbá ọmọ ènìyàn, ó sì máa ń sọ ọ́ fún àlejò kí àlejò tó rí àga jókòó. Lọ́jọ́ tí Jẹ́jẹ́ wá kí wọn, ìbéèrè kan ṣoṣo ló bi í.

"Ṣé bọ́ọ̀sì kékeré yẹn lo fẹ́ máa wà títí o fi máa darúgbó?"

"Rárá, bàbá. Mo ti gba fọ́ọ̀mù ìdánwò ọkọ̀ ńlá."

"Ó dáa bẹ́ẹ̀. Ọjọ́ tí láísẹ́ǹsì ọkọ̀ ńlá bá tẹ̀ ọ́ lọ́wọ́, kí o kó àwọn ẹbí rẹ wá bá mi. Kí ọjọ́ náà tó dé, má gbé ọ̀rọ̀ ìyàwó wá síbí."

"Ẹ jẹ́ kí ọmọ ọlọ́mọ mu omi ná," ni ìyá Ìmọ́tótó wí láti ẹ̀yìn. Gbogbo wọn rẹ́rìn-ín.

Ọ̀sán ọjọ́ Sátidé kan ni ẹ̀rín náà dáwọ́ dúró. Jẹ́jẹ́ ń gbé Ìmọ́tótó lọ sílé, òun nìkan ló wà nínú ọkọ̀, níwájú lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Wọ́n ń sọ̀rọ̀ nípa irú ilé tí wọ́n máa gbà, bóyá kó ní yàrá méjì tàbí mẹ́ta, nígbà tí Ìmọ́tótó rí ìyá àgbà kan tó ń ti kẹ̀kẹ́ ẹrù sọdá títì. Ó retí kí Jẹ́jẹ́ tẹ bíréèkì. Jẹ́jẹ́ ò tẹ̀ ẹ́. Ó ṣì ń sọ̀rọ̀ yàrá.

"Dúró! Dúró!"

Ọkọ̀ dúró gbì. Ìyá àgbà náà ò tilẹ̀ wẹ̀yìn, ó ti kẹ̀kẹ́ rẹ̀ gun ẹ̀gbẹ́ títì, ó bá tirẹ̀ lọ.

"Ibo ló wà?" ni Jẹ́jẹ́ béèrè.

Ìmọ́tótó yíjú wò ó. Ẹni tó bá rí nǹkan kì í béèrè ibi tó wà.

"Ṣé o ò rí i ni?"

"Mo rí nǹkan kan. Mo rò pé òjìji igi ni."

Ó wa ọkọ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ títì, ó pa á, ó sì tú gbogbo rẹ̀ sílẹ̀. Ohun tó bá sún mọ́ ọn, ó ń rí i. Ohun tó bá jìn sí i díẹ̀ ló ń di kùrukùru. Dókítà ti sọ fún un pé awò ojú ò lè ṣe é ní nǹkan kan, pé ojú náà yóò máa dín kù ni, díẹ̀díẹ̀, títí. Ó ti pé ọdún méjì tó ti mọ̀. Ìdí tó fi ń wakọ̀ jẹ́jẹ́ nìyẹn.

"Jáwọ́ nínú ọkọ̀ wíwà," ni Ìmọ́tótó wí. "Mo bẹ̀ ọ́."

"Bí mo bá jáwọ́, kí ni mo máa sọ fún bàbá rẹ? Pé kó fún mi lọ́mọ, kó tún fún mi ní ọ̀pá ìtìlẹ̀? Jẹ́ kí n gba láísẹ́ǹsì náà ná. Bí a bá ti fẹ́ra wa, ọdún kan péré ni mo máa wà á, mo sì máa wá iṣẹ́ mìíràn. Mo fi Ọlọ́run búra fún ọ."

Ó yẹ kó bá a jiyàn. Ó yẹ kó sọ̀kalẹ̀ kó fẹsẹ̀ rìn lọ sílé. Àmọ́ ó wo ojú ọkùnrin náà, ojú tó fẹ́ràn tó sì ń bàjẹ́ lọ, ó sì rí i pé òun ò lè padà sí ilé tí Jẹ́jẹ́ ò ní wá mọ́. Kò bẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀kejì. Òun gan-an ló tún la ẹnu sọ ohun tó ba gbogbo rẹ̀ jẹ́.

"Àyẹ̀wò ojú ńkọ́? Pátákó lẹ́tà yẹn, o ò lè kà á."

"Mi ò lè kà á."

"Mo máa kọ lẹ́tà rẹ̀ wá fún ọ."

Pátákó náà wà lára ògiri yàrá ìdánwò, lẹ́tà ńlá kan lókè, àwọn yòókù ń kéré sí i bí wọ́n ṣe ń lọ sísàlẹ̀. Ojú méjì ló ní, lẹ́tà mìíràn wà lẹ́yìn rẹ̀, àmọ́ láti ọdún mẹ́rin tí Ìmọ́tótó ti ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀, kò rí ẹni tó yí i rí. Ó dé ibi iṣẹ́ ṣáájú gbogbo ènìyàn, ó kọ ojú iwájú sórí ìwé, ó fi í sínú àpò aṣọ iṣẹ́ rẹ̀. Ọ̀sẹ̀ méjì gbáko ni wọ́n fi kọ́ ọ lórí bẹ́ǹṣì ibùdókọ̀. Ìmọ́tótó a ní, "Ìlà kẹrin!" Jẹ́jẹ́ a ní, "T, L, D, F, Z!" Ìmọ́tótó a ní, "Ìlà kẹfà, láti ẹ̀yìn wá sí iwájú!" Ìyẹn náà, kò ní kọsẹ̀. Wọ́n rẹ́rìn-ín púpọ̀ lórí bẹ́ǹṣì yẹn. Àwọn tó ń dúró de ọkọ̀ rò pé tọkọtaya ni wọ́n.

Láàárọ̀ ọjọ́ ìdánwò, eruku ti bo pátákó náà. Ìmọ́tótó gbé e sọ̀kalẹ̀, ó nu iwájú, ó nu ẹ̀yìn, ó gbé e kọ́ padà. Ó wá sún sẹ́yìn láti wò ó bóyá ó gún. Lẹ́tà òkè tó yẹ kó jẹ́ O ti di Q. Ẹ̀yìn ló kọjú síta.

Ó rí i. N ò ní purọ́ fún yín, ó rí i kedere. Ọwọ́ rẹ̀ ti gbé sókè láti yí i padà nígbà tí ìyá àgbà yẹn àti kẹ̀kẹ́ rẹ̀ wá sí i lọ́kàn, bí obìnrin náà ò ṣe wẹ̀yìn. Ó ro ti bọ́ọ̀sì ńlá tó kún fún èrò. Ọwọ́ rẹ̀ dúró lófuurufú. Bàtà ọ̀gá olùdánwò sì ń dún bọ̀ nínú ọ̀dẹ̀dẹ̀. Ìmọ́tótó gbé korobá rẹ̀, ó jáde. Ó ń sọ fún ara rẹ̀ pé ọ̀gá ló lé òun jáde, pé òun ò ráyè ni.

Níta, Jẹ́jẹ́ wà lórí ìlà pẹ̀lú àwọn yòókù. Ẹ̀wù funfun ló wọ̀, ó ti gẹ irun. Nígbà tí Ìmọ́tótó kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ọkùnrin náà ṣẹ́jú sí i. Ọ̀rọ̀ kan péré ni Ìmọ́tótó ì bá fi kìlọ̀ fún un.

"Ọlọ́run á wà pẹ̀lú rẹ," ni ó wí, ó sì ń lọ.

Ó ń nulẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà yàrá ìdánwò nígbà tí wọ́n pe Jẹ́jẹ́ wọlé. Ọ̀gá olùdánwò ní kó dúró lórí ìlà, kó ka ìlà kẹrin. Jẹ́jẹ́ wo ohun roboto tó wà lókè pátákó, ọkàn rẹ̀ balẹ̀, ó sì kà á ketekete: "T, L, D, F, Z." Ọ̀gá wo pátákó, ó tún wo ojú rẹ̀. Ó ní kó ka ìlà kẹfà. Jẹ́jẹ́ ka ìyẹn náà, ó tilẹ̀ rẹ́rìn-ín músẹ́. Ni ọ̀gá bá dìde, ó yí pátákó náà padà, ó fi ìka tọ lẹ́tà ojú tó ti kọjú sí ògiri lọ́kọ̀ọ̀kan.

"Ọ̀gbẹ́ni, ẹ̀yìn pátákó lo kà fún mi láìṣì ọ̀kan. Irú ojú wo nìyí, tó ń ríran la igi kọjá?"

Àwọn tó wà níbẹ̀ bú sẹ́rìn-ín. Jẹ́jẹ́ ò kọ́kọ́ mọ ohun tí wọ́n ń rẹ́rìn-ín sí. Nígbà tó yé e, ojú rẹ̀ rẹ̀wẹ̀sì.

"Ta ló kọ lẹ́tà fún ọ?"

"Kò sẹ́ni, sà. Èmi ni mo yọjú lójú fèrèsé."

"Ta ló kọ ọ́ fún ọ?"

Ẹ̀ẹ̀mẹ́ta ni wọ́n bi í. Ẹ̀ẹ̀mẹ́ta ló ní kò sẹ́ni. Ìmọ́tótó dúró níbẹ̀, ó di igi ìnulẹ̀ mú, ìgbésẹ̀ díẹ̀ péré ló jìnnà sí i. Jẹ́jẹ́ wo apá ibi tó wà, kò sì rí i.

Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kan, ìwé jáde. Kì í ṣe láísẹ́ǹsì ọkọ̀ ńlá nìkan ni wọ́n fi dù ú, wọ́n dá ìwé ìwakọ̀ tó ti ní tẹ́lẹ̀ dúró fún ọdún mẹ́ta, nítorí ìwà èrú nínú àyẹ̀wò ojú. Akọ̀wé gbé gọ́ọ̀mù lé Ìmọ́tótó lọ́wọ́ pé kó lẹ orúkọ àwọn tí ọ̀rọ̀ kàn mọ́ ara ògiri ìta. Ó lẹ̀ ẹ́. Ó fi àtẹ́lẹwọ́ tẹ orúkọ Jẹ́jẹ́ kó má baà ká, ó wá wọ yàrá tí wọ́n ń kó ìgbálẹ̀ sí, ó sì jókòó sórí korobá.

Kó tó délé, bàbá rẹ̀ ti gbọ́.

"Bó bá jẹ́ pé ó kùnà ni, n bá ní kó tún un ṣe," ni bàbá wí. Kò pariwo, ìyẹn ló burú níbẹ̀. "Ẹni tó mọ̀ pé òun ò ríran, tó fẹ́ kó ogójì ènìyàn sẹ́yìn! Ogójì! Tó tún wá purọ́ lé e! Má jẹ́ kí n gbọ́ orúkọ ọkùnrin yẹn nínú ilé yìí mọ́."

Àǹtí Jẹ́jẹ́ ló ń ṣe alárinà wọn. Aránṣọ ni, àbúrò bàbá Jẹ́jẹ́, ọ̀dọ̀ rẹ̀ sì ni Jẹ́jẹ́ ń gbé. Ẹ̀ẹ̀mẹ́ta ló wá bẹ bàbá. Lẹ́ẹ̀kíní, wọ́n fún un ní àga. Lẹ́ẹ̀kejì, orí ìdúró ló ti sọ̀rọ̀. Lẹ́ẹ̀kẹta, ẹnu ọ̀nà ni bàbá ti pàdé rẹ̀, ó ní, "Màmá, ẹ má fi ẹsẹ̀ yín wọ́lẹ̀ lásán mọ́."

"Ìyàwó wa, ṣe sùúrù," ni obìnrin náà máa ń sọ fún Ìmọ́tótó létí. "Ó ní kí n kí ọ. Ó ní àwọn olùdánwò yẹn ló dẹkùn fún òun, pé ó dájú pé wọ́n ti fura. Ó ní ìwọ nìkan lòun ń rò."

Ìmọ́tótó a dúpẹ́. Nígbà mìíràn tó bá ń nu pátákó yẹn, ó máa ń bi ara rẹ̀ léèrè bóyá òun mọ̀ọ́mọ̀ ni àbí ẹ̀rù ló ba òun. Bó bá dáhùn báyìí lónìí, yóò dáhùn bọ́hùn-ún lọ́la. Ohun kan ṣoṣo tí kò yí padà ni pé ó ń fẹ́ ọkùnrin náà, pé kò sí ẹlòmíràn tó wù ú láyé.

Oṣù méje kọjá báyẹn. Ní àárọ̀ ọjọ́ Àìkú kan, bí bàbá rẹ̀ ṣe ń bu omi sí òdòdó ẹ̀yìnkùlé, Ìmọ́tótó kúnlẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ nínú ẹrẹ̀.

"Bàbá, èmi ni mo kọ lẹ́tà yẹn fún un. Òun kọ́ ló bẹ̀ mí. Èmi ni mo ní kó jẹ́ kí n kọ ọ́."

Omi ń ṣàn lọ lórí òdòdó kan ṣoṣo.

"Wọn ò bi í ni?"

"Wọ́n bi í lẹ́ẹ̀mẹ́ta. Kò dárúkọ mi. Bó bá dárúkọ mi ni, wọn ì bá ti lé mi lẹ́nu iṣẹ́, bóyá wọn ì bá tilẹ̀ fọlọ́pàá mú mi."

Bàbá gbé agolo omi sílẹ̀.

"Oṣù méje ni mo fi ń pè é ní òpùrọ́, inú ilé mi ni ìdajì irọ́ náà wà. Ojú rẹ̀ ńkọ́?"

"Ó ń burú sí i."

"Ṣé o lè bá ẹni tí kò ní ríran gbé? Má fi ẹnu fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ dá mi lóhùn."

"Mo lè bá a gbé, bàbá. Ohun tí mo fẹ́ nìyẹn."

"Dìde nínú ẹrẹ̀. Lọ sọ fún un pé kó kó àwọn ẹbí rẹ̀ wá lọ́jọ́ Sátidé."

Ìmọ́tótó ò mọ bó ṣe dé ṣọ́ọ̀bù aránṣọ. Jẹ́jẹ́ wà nídìí tábìlì ìlọṣọ, ó ń fi ọwọ́ òsì wá etí aṣọ kó tó fi áyọ́ọ̀nù lé e. Ó gbọ́ ohùn rẹ̀, ó gbé áyọ́ọ̀nù sí ẹ̀gbẹ́. Nígbà tó gbọ́ ọ̀rọ̀ bàbá, ó fi ọwọ́ méjèèjì bojú, ó sì sunkún. Àǹtí rẹ̀ patẹ́wọ́, ó ju aṣọ tó ń rán sílẹ̀, ó ní òun ń lọ pe ẹ̀gbọ́n òun, kò sí ohun tó lè dá òun dúró. Ó wá ku àwọn méjèèjì.

"Sátidé," ni Jẹ́jẹ́ wí. Ó di ọwọ́ rẹ̀ mú. "Mo fẹ́ kí o mọ nǹkan kan. Ẹ̀rù ti ń bà mí gan-an. Àmọ́ mo ti rò ó. Ojú rẹ ni mo máa fi ríran. Ohun tí o bá sọ pé ó wà níwájú mi, mo máa gbà pé ó wà níbẹ̀. Bí o bá ní kí n gbé ẹsẹ̀, mo máa gbé e. Kò sí ẹlòmíràn tí mo lè fi ara mi fún báyẹn."

Ìmọ́tótó gbìyànjú láti rẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín náà kọ̀, kò wá. Bí ó bá dákẹ́, Sátidé yóò dé, gbogbo ènìyàn yóò sì yọ̀. Gbogbo ara rẹ̀ ló ń bẹ̀ ẹ́ pé kó dákẹ́.

"Èmi ni mo yí pátákó yẹn."

Jẹ́jẹ́ kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín. "Pátákó wo?"

"Tàárọ̀ ọjọ́ ìdánwò. Mo nù ún, mo sì gbé ẹ̀yìn rẹ̀ síta."

"Háà." Ó mí kanlẹ̀. "Ṣé ohun tó ti ń dà ọ́ láàmú nìyẹn? O ò mọ̀ ni. Ò ń ṣiṣẹ́ rẹ, o ò mọ̀."

"Bẹ́ẹ̀ ni" péré ló kù kí Ìmọ́tótó sọ. Jẹ́jẹ́ ti la ọ̀nà àbáyọ sílẹ̀ fún un.

"Mo mọ̀. Mo rí i kí ọ̀gá tó wọlé. Mo sì fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀."

Jẹ́jẹ́ ò fa ọwọ́ rẹ̀ yọ lẹ́ẹ̀kan náà. Ọwọ́ náà kàn dẹ̀ díẹ̀díẹ̀.

"O kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi níta. O ní kí Ọlọ́run wà pẹ̀lú mi."

"Bẹ́ẹ̀ ni."

"Kí ló dé?"

"Ìyá àgbà yẹn. Mi ò lè gbàgbé rẹ̀. Mo ro ti bọ́ọ̀sì ńlá."

"O ì bá ti sọ fún mi."

"Mo sọ fún ọ pé kí o jáwọ́."

"Ẹ̀ẹ̀kan lo sọ fún mi. Lẹ́yìn náà o jókòó tì mí fún ọ̀sẹ̀ méjì, ò ń kọ́ mi ní lẹ́tà, à ń rẹ́rìn-ín. Bó o bá ní kí n má wọlé láàárọ̀ yẹn, mi ò ní wọlé."

"Ṣé lóòótọ́ ni o ò ní wọlé?"

Ó rò ó. Ó rò ó tọkàntọkàn, Ìmọ́tótó rí i lójú rẹ̀.

"Mi ò mọ̀," ni ó wí. "O ò jẹ́ kí n mọ̀."

"Dárí jì mí. Mo bẹ̀ ọ́. Mo nífẹ̀ẹ́ rẹ."

"Mo mọ̀ pé o nífẹ̀ẹ́ mi. Ohun tó o ṣe yẹn náà, o ṣe dáadáa. Bóyá ẹnì kan wà láàyè lónìí nítorí rẹ̀. Mi ò bínú nítorí láísẹ́ǹsì." Ó ń wá ọ̀rọ̀. "Àmọ́ báwo ni mo ṣe máa di ọwọ́ rẹ mú sọdá títì? Ní gbogbo ìgbà tó o bá ní kò sí ọkọ̀, mo máa dúró, mo máa bi ara mi pé kí ló tún rí tí kò sọ fún mi. Mi ò lè gbé ayé mi báyẹn. Ìwọ náà ò lè gbé e."

Ìmọ́tótó bẹ̀ ẹ́ títí ohùn rẹ̀ fi há. Nígbà tí àǹtí padà dé pẹ̀lú ẹ̀gbọ́n rẹ̀ tí inú rẹ̀ ń dùn, Jẹ́jẹ́ ti gbé áyọ́ọ̀nù, ó ń wá etí aṣọ.

"Àǹtí, ẹ bá mi sìn ín dé ẹnu títì," ni ó wí. Láti ìgbà tí wọ́n ti mọra, òun fúnra rẹ̀ ló máa ń sìn ín.

Nílé, ìyá rẹ̀ ti ta aṣọ tuntun sójú fèrèsé. Bàbá jókòó nídìí tábìlì pẹ̀lú ìwé àti bírò, ó ń ka iye àga tó wà nílé àti èyí tí wọ́n máa yá.

"Aago mélòó ni wọ́n ń bọ̀?"

"Wọn ò bọ̀ mọ́, bàbá."

"Ẹ̀n? Ṣé o sọ fún un pé mo ti dárí jì í?"

"Mo sọ fún un. Òun ni kò lè gbà mí mọ́."

Bàbá ti ń wá bàtà rẹ̀ lábẹ́ tábìlì, ó ní òun máa lọ bá ọmọ náà sọ̀rọ̀ fúnra òun, bí ọkùnrin sí ọkùnrin. Ìmọ́tótó ní kó jókòó. Ó sọ gbogbo rẹ̀ fún un, ti pátákó, ti ọwọ́ rẹ̀ tó dúró lófuurufú, ti ọ̀rọ̀ tó sọ fún Jẹ́jẹ́ lórí ìlà. Ìyá rẹ̀ jókòó sórí àpótí lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé, ó fi ọwọ́ lérán. Bàbá tẹ́tí gbọ́ ọ dé òpin. Bàtà kan wà lẹ́sẹ̀ rẹ̀, èkejì wà lọ́wọ́ rẹ̀.

"O ṣe dáadáa," ni ó wí, pẹ̀lú gbogbo ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n rẹ̀ nínú ohùn rẹ̀. "Ọmọ mi, ṣé o gbọ́? O ṣe dáadáa."

Ẹnì kejì tó máa sọ bẹ́ẹ̀ fún un lọ́jọ́ náà nìyẹn. Ìmọ́tótó gbé orí lé tábìlì, sórí ìwé tí wọ́n ka àga sí, ó sì sunkún débi pé àwọn òbí rẹ̀ méjèèjì ò mọ ibi tí wọ́n lè fọwọ́ kàn lára rẹ̀.